Ẹyin Tí Mo Ń Yí Láràárọ̀ ní Etí Òkun Lẹ́kí

Ẹyin ìjàpá òkun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kú sí mi lọ́wọ́ ní etí òkun Lẹ́kí. Odidi abúlé sì fi bí oṣù méjì yẹra fún ibi tí ẹja wọn ti ń pọ̀ jù, torí wọ́n rò pé àwọn ẹyin náà ṣì wà láàyè.

Ìparí ọdún 1979 ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, ọmọbìnrin Kétu, láti ìhà kejì ẹnubodè tí àwọn Faransé ti ṣàkóso rí. Mo ti lo ọdún kan ní abúlé apẹja kan tó kọjá Ajah, níbi tí ilẹ̀ ti rí tóóró láàrin òkun àti ọ̀sà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú àwọn àtíbàbà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ fún àwọn tó ń wá gbafẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń wá láti Èkó, nínú ọkọ̀ ojú omi, pẹ̀lú kúlà àti kámẹ́rà. Bí wọ́n bá ti lọ, èmi ni mo máa ń ṣa ìgò wọn kúrò nínú iyanrìn.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbẹ̀ ni ariwo. Ní Kétu, omi wa a máa dákẹ́. Inú kànga ló wà, tàbí inú ìkòkò. N kò rí òkun rí. Ní ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀, mo bi Ìyá Rísì, opó tó gbà mí sílé, pé ìgbà wo ni omi yìí máa dákẹ́.

Ìyá Rísì ń to ẹja sórí àgbàyan, ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja, lọ́wọ́. Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tó bá dákẹ́ ni kí o sá."

Ohun kejì ni àwọn ẹranko. Akàn funfun ń sáré lórí iyanrìn bí olè tí ilẹ̀ mọ́ bá. Ọ̀bọ ń ti inú igbó àbàtà jáde wá jí búrẹ́dì àwọn onígbafẹ́, àwọn onígbafẹ́ sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ní ìhà ọ̀sà, ọ̀nì a máa yá oòrùn lórí ẹrẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń lé e. Nílé wa, ẹranko tó bá jókòó báyẹn, inú ọbẹ̀ ló ń lọ.

Ohun kẹta ni orúkọ tí wọ́n ń pè mí. Múfú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó wà nínú ẹgbẹ́ tó ń fa àwọ̀n, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi.

"Àgànyìn, ẹ̀wà dà?"

Mo sọ fún un pé èmi kì í ṣe Àgànyìn.

"Ẹni tó bá ti gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé, Àgànyìn ni."

Mo ní Yorùbá ni wá, pé ọba tiwa ti ń dé adé kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé abúlé wọn wà.

Ó ní, "Kí ọba yín wá bá wa fa àwọ̀n nígbà náà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ẹni tó lọ sílẹ̀ Faransé tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé òun ti di àjèjì, torí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ àwàdà, mo gbọ́ òwe, mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi nígbà tí wọ́n rò pé n kò sí nítòsí. Síbẹ̀, bí mo bá ti la ẹnu, ohùn mi á ti sọ ibi tí mo ti wá kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ọyẹ́ àkọ́kọ́ ni mo rí ipa kan tó jáde láti inú omi, tó gòkè, tó sì tún padà sínú omi. Ó fẹ̀ bí ipa táyà katakata. Mo sáré lọ pe Bàbá Lámídì, olórí àwọn tó ń fa àwọ̀n.

Bàbá Lámídì wo ipa náà. Wọ́n tẹ̀ lé e débi tí iyanrìn ti rú, wọ́n bọ́ fìlà wọn, wọ́n sì kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí Múfú lọ já màrìwò wá. Wọ́n gún ọ̀pá mẹ́rin yí ibẹ̀ ká, wọ́n so màrìwò mọ́ ọn. Wọ́n tún gún ọ̀pá kan sí apá ìlà oòrùn, òmíràn sí apá ìwọ̀ oòrùn, jìnnà síra wọn.

Mo bi wọ́n pé kí nìyẹn.

"Ìjàpá òkun ti bímọ síbí," ni wọ́n wí. "Láti ọ̀pá yẹn dé ọ̀pá yìí, a kò ní fa àwọ̀n. A kò ní dáná. Ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án títí àwọn ọmọ náà á fi bọ́ sómi."

"Ọjọ́ mélòó ni?"

"Oṣù méjì, nígbà mìíràn ó máa ń lé díẹ̀."

Wọ́n ní ìdílé àwọn kì í jẹ ẹ́. Ọkọ̀ bàbá ńlá wọn dà nù sójú òkun nígbà kan, ẹ̀yìn ìjàpá ló dì mú dé etí ilẹ̀. Múfú ní òun ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹja kò tíì pọ̀ níbòmíràn bó ṣe ń pọ̀ níbẹ̀ rí, ìjàpá sì mọ ibi tó dáa.

"Oṣù méjì," ni Múfú ń sọ bí ó ti ń so màrìwò. "Bí mo bá rí ata rodo, màá din gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹta, òkun ru. Àwọn ọkùnrin ti lọ sí ìhà ọ̀sà láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Mo dúró létí àtíbàbà, mo ń wo omi bí ó ti ń gùn bọ̀. Ìfófòó rẹ̀ dé ibi tó ku ìgbésẹ̀ méjì sí màrìwò. Mo rò pé ìgbì kan sí i, ó parí.

Ìyá mi ní Kétu, awó ni wọ́n ń sìn. Láti kékeré ni mo ti ń bá wọn wá ẹyin awó nínú koríko, tí a máa ń kó wá sábẹ́ adìẹ kí ejò tó rí i. Bí ẹyin bá wà níbi tí kò dáa, a máa ń gbé e ni. Èyí ni mo mọ̀. Mo wúlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì dé ìgúnpá. Ẹyin náà rí róbótó, èèpo wọn rọ̀. Mo kó wọn sínú ìró mi, mo gbé wọn lọ sẹ́yìn àtíbàbà tó jìnnà jù, mo sì bò wọ́n mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo padà, mo dí ihò àkọ́kọ́, mo tẹ́ iyanrìn rẹ̀ dáadáa.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá jáde ni màá sọ, kí gbogbo wọn lè mọ̀ pé Àgànyìn ló gbà wọ́n là.

Ní ọ̀sán, òkun padà sẹ́yìn. Kò kan màrìwò náà rárá.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún ni mo máa ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Màá kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi, màá dárúkọ ọjọ́, ẹ̀gbọ́n mi á sì mú wọn lọ sí pósófíìsì ní Pobẹ̀, ní ìhà tiwa. Èmi náà á lọ sí pósófíìsì ní Èkó, màá jókòó láti òwúrọ̀ títí wọ́n á fi pe nọ́ńbà mi. Ọjọ́ tí a dá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà tí mo kó ẹyin.

Ìlà tẹlifóònù náà ń kùn. A ní láti pariwo, gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi sì ń gbọ́.

"Ìyá, ẹyin kan wà lọ́wọ́ mi. Ìyá wọn ti lọ. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí wọ́n á fi di ọmọ?"

"Ẹyin awó?"

"Ẹyin ni, Ìyá." Kò sí ààyè láti ṣàlàyé òkun fún ẹni tí kò rí i rí.

"Ṣé kò sí adìẹ tí o lè gbé e sábẹ́ rẹ̀?"

"Kò sí."

"Jẹ́ kí ó móoru. Kí o sì máa yí i láràárọ̀. Ẹyin tí a ò bá yí, ọmọ inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ èèpo, á kú síbẹ̀. Ṣé o gbọ́? Máa yí i."

"Mo gbọ́, Ìyá."

"Ṣé ò ń jẹun?"

Ìlà náà já.

Mo padà sí abúlé pẹ̀lú ayọ̀. Láràárọ̀, kí n tó gbá àtíbàbà, màá wú iyanrìn, màá yí ẹyin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìsàlẹ̀ á di òkè, màá sì tún bò wọ́n. Ọwọ́ mi rántí iṣẹ́ náà. Ní àkókò yẹn nìkan lójúmọ́ ni ọkàn mi máa ń dà bíi pé ilé ni mo wà.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo wú iyanrìn, òórùn sì jáde. Àwọn kan ti wọnú, àwọn kan ti dúdú. Mo fọ́ ọ̀kan wò. Omi ni. Mo fọ́ ìkejì. Omi ni.

Ibí yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Mo mọ̀ ní ọjọ́ náà pé wọ́n ti kú. Àwọn ọkùnrin ń gbé àwọ̀n kọjá níwájú màrìwò láràárọ̀, wọ́n ń rìn jìnnà lọ fà á níbi tí ìṣàn omi ti le, wọ́n sì ń gbé agbọ̀n tí kò kún dé ìdajì bọ̀. Àwọn obìnrin kò rí ẹja yan. Ìyá Rísì ń wọ ọkọ̀ lọ sí Èpẹ́ láti lọ ra ẹja ẹlẹ́ja, wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro, wọ́n sì ń bu oúnjẹ fún mi. Mo jẹ ẹ́. N kò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí oṣù méjì kọjá tí ọ̀sẹ̀ kan sì lé, Bàbá Lámídì pe gbogbo abúlé jáde. Wọ́n kúnlẹ̀ láàrin ọ̀pá mẹ́rin náà, wọ́n sì fi ọwọ́ wúlẹ̀. Wọ́n wú u títí apá wọn fi wọlé tán.

"Kò sí nǹkan," ni wọ́n wí. Wọ́n jókòó lé gìgísẹ̀ wọn. "Bí àwọn ọmọ bá ti jáde, èèpo á wà. Bí òkun bá gbé e, ilẹ̀ ibí kò ní rí báyìí. Ènìyàn ló kó o."

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ojú gbogbo wọn kàn yí sọ́dọ̀ Múfú.

"Ìwọ lo ní ata rodo ló kù," ni ọkùnrin kan sọ.

"Àwàdà ni mo ṣe."

"Gbogbo ìgbà lo máa ń ṣe àwàdà."

Múfú wo Bàbá Lámídì. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú oyún oṣù méje. Bàbá Lámídì ní, "Fi okùn àwọ̀n sílẹ̀ títí a ó fi mọ òótọ́." Ẹni tí wọ́n bá gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ kò ní iṣẹ́ mìíràn.

Mo ní, "Èmi ni."

Wọn kò gbọ́, torí òkun. Mo tún un sọ.

Mo mú wọn lọ sẹ́yìn àtíbàbà. Bàbá Lámídì wú iyanrìn fúnra wọn, òórùn sì lé àwọn èèyàn sẹ́yìn. Mo ṣàlàyé bí òkun ṣe ru, bí mo ṣe kó wọn, bí mo ṣe ń yí wọn.

"O ń yí wọn," ni Bàbá Lámídì wí. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyá mi. Awó ni wọ́n ń sìn."

Wọ́n gbọn iyanrìn kúrò lọ́wọ́ wọn. "Ìyá rẹ kò jẹ̀bi. Ẹyẹ ni wọ́n mọ̀. Ẹyẹ máa ń jókòó ti ẹyin rẹ̀, ó ń yí i. Ìjàpá òkun kì í padà wá. Ibi tó bá fi ẹyin sí, bó ṣe fi í sí, bẹ́ẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ wà. Bí o bá dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, o ti pa á." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè tí mo ti ń bẹ̀rù. "Ọjọ́ wo lo mọ̀ pé wọ́n ti kú?"

Mo sọ fún wọn.

"Àìmọ̀ ni ti ẹyin," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n o mọ̀, o sì jẹ́ kí a máa dúró. Ìyẹn kì í ṣe àìmọ̀."

Mo rò pé wọ́n máa lé mi. Ìdájọ́ tí wọ́n dá yàtọ̀. Wọ́n ní kí n lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan ní abúlé náà, kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe, láìfi ẹnikẹ́ni ṣe agbẹnusọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé tí kò bá fẹ́ mi á sọ ọ́.

Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì. Ní ilé àkọ́kọ́, ìyá arúgbó kan bi mí pé, "Kí lo fi kó wọn?" Mo ní ìró mi ni. Ó ní, "Ó dáa. O ò fi garawa kó wọn." Ó sì padà wọlé. Ní ilé kan, wọ́n ti ilẹ̀kùn kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ọkùnrin kan gbọ́ mi títí dé ìparí, ó ní, "Ọmọ mi kan fi ẹ̀bà láìsí ẹja sùn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀." Ìyá Rísì kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ rárá. "O ń rí mi tí mò ń lọ Èpẹ́," ni wọ́n wí. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọn kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣì ń bu oúnjẹ fún mi, wọ́n kàn ń gbé e sílẹ̀ ni.

Ilé Múfú ni mo fi parí rẹ̀. Ó jókòó, ó ń tún àwọ̀n ṣe.

"Àgànyìn," ló wí, "díẹ̀ ló kù kí o fi ẹyin pa mí."

Mo bẹ̀ ẹ́.

"Ohun tó ń dùn mí ni pé n kò tiẹ̀ tọ́ ọ wò." Ó gé okùn pẹ̀lú eyín. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò fi ṣe àwàdà. "Wọ́n gbà gbọ́ pé èmi ni. Gbogbo wọn. Abúlé tí wọ́n bí mi sí."

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n pe nọ́ńbà mi ní pósófíìsì. Ohùn ìyá mi dé láti Pobẹ̀.

"Àwọn ọmọ awó yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ti tóbi?"

Mo ti sọ òótọ́ lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé tó wà ní abúlé náà. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ fún ìyá mi pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni mo fi pa àwọn ẹyin náà. Mo ní, "Wọ́n ti tóbi, Ìyá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Mo sọ fún ọ." Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìyá mi kú, wọn kò sì mọ̀. Mo ti rò ó títí, n kò tíì mọ̀ bóyá mo ṣe dáadáa. Bí èèyàn bá ti jìnnà sílé, ohun tó kù láti fún àwọn ará ilé a máa kéré. Èmi fún wọn ní irọ́ kan tó dùn.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, ipa tún jáde láti inú omi. Bàbá Lámídì gbé màrìwò lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "So ó. Ìwọ ni wàá máa ṣọ́ ọ. Àwọn onígbafẹ́, ajá, ọ̀bọ, lé wọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ, fi í sí ara rẹ."

Òkun ru lẹ́ẹ̀mejì ní àkókò yẹn. Mo jókòó lé ọwọ́ mi. Àwọn onígbafẹ́ ń bi mí pé kí ló wà níbẹ̀. Mo máa ń ní, "Àwọn kan ń sùn. Ẹ gba ọ̀nà yẹn." Ní àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kan, iyanrìn rì díẹ̀ láàrin ọ̀pá mẹ́rin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Orí kékeré kan jáde, dúdú, ó dúró bí ẹni tó ń ronú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀ dìde. Àṣá balẹ̀, ó gbé ọ̀kan. Mo fẹ́ sáré gbé àwọn yòókù lọ sómi, Bàbá Lámídì di ọwọ́ mi mú. "Jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn ín." Wọ́n rìn ín. Ó gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kí èyí tó kẹ́yìn tó bọ́ sínú ìfófòó.

Ọjọ́ náà ni wọ́n tún fa àwọ̀n níbẹ̀. Múfú ju ìdí okùn sí mi. "Àgànyìn, o fẹ́ wòran ni? Fà á."

Mo fà á pẹ̀lú wọn fún ọdún méjì.

Ní oṣù kìíní ọdún 1983, rédíò sọ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá Rísì pa rédíò náà. Wọ́n tún tàn án, bóyá ó máa sọ nǹkan mìíràn. N kò ní ìwé kankan. Bàbá Lámídì ti di arúgbó nígbà náà, ojú ọ̀tún wọn kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n dé fìlà, wọ́n sì bá mi wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n. A tò láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Àwọn èèyàn ti gbé ẹrù lérí níbẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ìdáhùn.

Ọ̀gá tó wà lórí tábìlì fún Bàbá Lámídì ní àga. "Ọmọ yín ni, Bàbá?"

"Rárá."

"Ìyàwó ọmọ yín?"

"Rárá."

"Kí ló wá jẹ́ fún yín?"

Bàbá Lámídì rò ó. "Ará abúlé mi ni. Ó ṣẹ̀ wá nígbà kan, ó sì wá sí ilé kọ̀ọ̀kan wá sọ ọ́. Nínú àwọn tó ní ìwé, mélòó lẹ mọ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí?"

"Bàbá, ohun tí ẹ sọ yìí kò ní ààyè nínú fọ́ọ̀mù."

"Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀."

Ọ̀gá náà wò wọ́n, ó wò mí. Ó yí fọ́ọ̀mù náà padà, ó sì kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún wa pé òun kò lè pinnu. Ó ní ìwé náà á lọ sí ọ́fíìsì àgbà, kí baálẹ̀ wa kọ lẹ́tà tẹ̀ lé e. Títí ìdáhùn á fi dé, kí n máa wá fi ara hàn níwájú òun ní gbogbo ọjọ́ Ajé kí agogo mẹ́wàá tó lù. Bí wọ́n bá gbà, wọn á fún mi ní káàdì. Bí wọn kò bá gbà, wọn á sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ Sẹ̀mẹ̀ máa gbéra fún mi, ẹrù kan ṣoṣo ni mo sì lè gbé.